Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Àkàtàǹpó fún ọdẹ àgbọ̀nrín

Láti ọdún 2014 ni Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ti ya àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín sọ́tọ̀ fún àkàtàǹpó. Ọdẹ tí èjìká ń dùn lè fi í rọ́pò ọrun. Ọdẹ tó ń lo ọrun gbọ́dọ̀ fà á nígbà tí ẹran bá ti súnmọ́ tòsí, àgbọ̀nrín sì tètè máa ń rí apá tó bá mì. Àkàtàǹpó ti wà ní fífà tẹ́lẹ̀. Ó ku kí a yìn ín.

Àmọ́ kì í ṣe ìbọn o! Ọfà rẹ̀ kì í lọ jìnnà tó ọta, ó wúwo, àtifà á padà sì máa ń pẹ́. Ẹ ṣọ́ àtàǹpàkò yín: okùn rẹ̀ lè gé e. Ní Oregon, tí òun náà wà ní Amẹ́ríkà, òfin ò gbà á fún ọdẹ rárá.