Kọ̀ǹpútà Kan, Mọ́nítọ̀ Púpọ̀

Atúmọ̀-èdè tí ó fẹ́ máa rí ìwé tí ó ń túmọ̀ àti èyí tí ó ń kọ lẹ́ẹ̀kan náà a máa wá mọ́nítọ̀ kejì. Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Láti 1987 ni Macintosh II ti lè lo ju mọ́nítọ̀ kan lọ. Nígbà tí ó di 1998, Windows 98 fi àyè gba mẹ́sàn-án.

Àwọn àgbà ní ìsàlẹ̀ ni a ti ń gun igi. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ra mọ́nítọ̀ kí wọ́n tó yẹ kọ̀ǹpútà wò. Káàdì àwòrán inú kọ̀ǹpútà ni ó ń pinnu iye mọ́nítọ̀ tí yóò ṣiṣẹ́. Kíka ihò ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan kò tó, nítorí pé ihò káàdì mìíràn pọ̀ ju iye mọ́nítọ̀ tí agbára rẹ̀ ká lọ.

Ihò wọ̀nyí kò sì rí bákan náà. VGA jáde ní 1987, HDMI ní 2002, DisplayPort ní 2006. Láti 2010 ni DisplayPort 1.2 ti jẹ́ kí a lè so mọ́nítọ̀ kan mọ́ òmíràn, bí èyí àkọ́kọ́ bá ní ihò ìjáde.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti wà ní sísopọ̀, kí a tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ P, kí a sì yan Extend. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ra ẹ̀rọ tí ń pín ihò HDMI kan sí méjì ti ṣi owó ná: àwòrán kan náà ni mọ́nítọ̀ méjèèjì yóò máa fi hàn án.