Yìnyín Orí Òkè Nígbà Tí Oòrùn Bá Mú

Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo wa ni a mọ yìnyín tí ó máa ń bá òjò rọ̀ nígbà mìíràn, tí àwọn ọmọdé máa ń ṣà jẹ. Ó le bí òkúta. Yìnyín mìíràn wà tí ó fúyẹ́, tí ó sì funfun bí òwú. Irú èyí ni ó máa ń rọ̀ ní ilẹ̀ òtútù. Ní orí àwọn òkè Alps ní ilẹ̀ Yúróòpù, ó máa ń rọ̀ lé ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù, títí yóò fi ga ju àgbàlagbà lọ.

Bí oṣù Kẹta bá dé, oòrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í mú. Inú àwọn ènìyàn á dùn pé òtútù ń lọ. Ṣùgbọ́n ìgbà yìí ni ewu kan máa ń wà lórí òkè. Ewu náà ni ìwólulẹ̀ yìnyín.

Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀? Ẹ mú hóró ṣúgà kan, kí ẹ kán omi sí i. Ẹ ó rí i pé àwọn wóró tí ó lẹ̀ mọ́ ara wọn yóò tú ká. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti yìnyín. Oòrùn á yọ́ ojú rẹ̀, omi á sì máa jò wọ inú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí omi bá dé ìsàlẹ̀, yìnyín kò ní lè di ara rẹ̀ mú mọ́. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà bá ju dígírì 30 lọ, yìnyín lè já, kí ó sì wó lọ sí ìsàlẹ̀. Yìnyín tí omi wà nínú rẹ̀ wúwo púpọ̀. Ó lè fa igi tu, ó sì lè bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Bí ó bá dúró, á le bíi sìmẹ́ǹtì. Bí a kò bá hú ẹni tí ó bò jáde láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, ìrètí pé yóò yè á dín kù gidigidi.

Ní òru tí ojú ọ̀run bá mọ́, omi inú yìnyín á tún dì. Nítorí náà, àwọn tí ó gbọ́n máa ń gun òkè ní ìdájí, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run ní òru, tàbí tí òjò rọ̀, yìnyín kò ní dì dáadáa. Bí ẹsẹ̀ ènìyàn bá ń rì dé orúnkún, tàbí tí ìṣù yìnyín ń yí bọ̀ láti òkè, kí ó tètè padà.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2022, ooru mú púpọ̀ ní òkè Marmolada ní ilẹ̀ Ítálì. Apá kan lára yìnyín ayébáyé orí òkè náà já, ènìyàn 11 sì kú.

Ní ìlú Davos ní ilẹ̀ Switzerland, àwọn onímọ̀ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa ṣọ́ yìnyín. Wọ́n máa ń kéde bí ewu ṣe tó, láti orí 1 títí dé 5. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìkéde, kí ó gbà á.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oríṣi yìnyín méjèèjì?
2. Kí ni omi máa ń ṣe sí yìnyín?
3. Kí ni ìdí tí òwúrọ̀ fi sàn ju ọ̀sán lọ fún gígun òkè?
4. Dárúkọ àmì ewu méjì.