Ẹran Màlúù Yíyan Nínú Ilé

Ọwọ́ iná kọ́ ni a fi ń yan ẹran màlúù; ẹyín iná tí eérú funfun ti bò ni. Bí ọ̀rá bá ń kán sínú ọwọ́ iná, èéfín a rú, ẹran a sì korò. Kí a gé e nípọn tó íǹṣì 1, kí a nù ún gbẹ, kí a sì fi iyọ̀ pa á lára.

Àwọn mìíràn fẹ́ kí inú rẹ̀ pọ́n. Ó dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n màlúù tí ó jẹko níbi tí ènìyàn ti yàgbẹ́ lè ní ọmọ aràn pẹlẹbẹ nínú ẹran ara rẹ̀, aràn náà sì lè gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ nínú ẹni tí ó jẹ ẹ́ láìjinná. Kí a yan án títí omi rẹ̀ kì yóò fi pọ́n mọ́, kí a sì jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀ kí a tó gé e.