Òórùn Ìtọ̀ Ológbò Nínú Ilé, àti Ohun Tí A Lè Ṣe Sí I

Ní Ìjerò, ní Àrámọkọ, ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti ní àwọn abà tí ó yí wọn ká, àgbẹ̀ tí ó bá kó àgbàdo jọ sínú ilé kò lè ṣe aláìní ológbò, nítorí eku. Kì í sì í ṣe oúnjẹ nìkan ni eku ń bàjẹ́. Irú eku kan ni ó ń tan ibà Lassa kálẹ̀, àrùn tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa, ní ilẹ̀ Borno, ní ọdún 1969, tí ó sì ti pa ènìyàn púpọ̀ ní Oǹdó, aládùúgbò wa. Síbẹ̀ àwọn mìíràn a máa lé ológbò jáde nítorí òórùn rẹ̀.

Ìtọ̀ ni ó ń rùn ju ìgbẹ́ lọ. Ìtọ̀ ológbò ki púpọ̀. Bí ó bá sì pẹ́ ní ibi tí ó tutù, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí a sọ ọ́ di ámóníà, èyí tí ń ta ni nímú. Ti akọ ni ó burú jù. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, òórùn náà a dín kù.

Nítorí náà, ohun gbígbẹ tí ó lè fa omi ni kí a fi sínú àwo rẹ̀. Yanrìn dùn mọ́ ológbò láti wà, ṣùgbọ́n ìtọ̀ a gba àárín rẹ̀ kọjá lọ sí ìsàlẹ̀. Eérú a máa lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, a sì tàn ká gbogbo ilé. Àwọn ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú lo eérú àti yanrìn títí di ọdún 1947, nígbà tí Edward Lowe, ará ìpínlẹ̀ Michigan, bẹ̀rẹ̀ sí ta amọ̀ gbígbẹ fún iṣẹ́ yìí. Lónìí a ń ta irú amọ̀ kan tí ń wú, tí ó sì ń dì bí ìtọ̀ bá kàn án; ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí àgbẹ̀ náwó lé e. Amọ̀ funfun inú ilẹ̀ Ìjerò kì í wú bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó yẹ fún ìkòkò mímọ ju ológbò lọ. Ìyẹ̀ igi gbígbẹ tí ayùn gé sílẹ̀ níbi tí a ti ń la pákó ni èmi yàn, kí ó jìn tó ìka mẹ́ta.

Abọ́ ike tàbí ti irin ni kí a lò, nítorí pákó a máa mu ìtọ̀. Kí ó gbòòrò tó kí ológbò lè yí padà nínú rẹ̀. Má ṣe gbé e sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Yóò kọ̀ ọ́, yóò sì lọ tọ̀ sórí àpò kòkó rẹ.

Ọṣẹ àti omi gbígbóná tó láti fi fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Izal jẹ́ májèlé fún ológbò. Bí hípò bá sì pàdé ìtọ̀, èéfín olóró ni yóò jáde.

Ìgbẹ́ ni kí a máa kó lójoojúmọ́. Kòkòrò Toxoplasma lè wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kan sí márùn-ún ni ó tó lè ran ènìyàn, ó sì lè ba oyún jẹ́. Kí aláboyún fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí a sì sin ìgbẹ́ náà jìnnà sí kànga àti sí oko ewébẹ̀.