Iyè Tó Dàrú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ: Kì í Ṣe Wèrè, Kì í Sì í Ṣe Olè

Ní oṣù yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣubú, egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú sọ̀rọ̀. Kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ já omi tí wọ́n ń fà sí i lára dànù. Àwọn ẹbí ní ayé ti gba orí ìyá, wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ilé àdúrà lóru ọjọ́ náà. Nọ́ọ̀sì kan ni ó bẹ̀ wọ́n tí wọ́n fi dúró. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé kòkòrò àrùn wà níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní òògùn. Nígbà tí ó di ọjọ́ karùn-ún, ìyá ti mọ ilé, ó ti mọ ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìyá padà sí ọjà, ó sì ń bá wa gba owó ìlà rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Owó tí ó mú wá kò pé. A bi í léèrè, kò rí àlàyé ṣe. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní ó ti jẹ owó ẹgbẹ́, a sì ti fẹ́ kọ ìwé sí i. Àṣé inú agolo gààrí ni ó fi owó sí tí ó gbàgbé. Ọmọ rẹ̀ ni ó rí i. Ojú tì wá. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Ìdí nìyẹn tí a fi lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà.

KÍ NI Ó Ń ṢẸLẸ̀?

Oríṣi méjì ni. Èkínní ni ìrànrán. Ó máa ń dé lójijì, púpọ̀ nínú rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí iṣẹ́ abẹ. Ó lè rọlẹ̀ láàárọ̀, kí ó tún le lálẹ́. Ẹlòmíràn á máa pariwo, á fẹ́ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹlòmíràn á kàn dákẹ́, á máa sùn ṣáá, kò ní dáhùn dáadáa. Ẹ ṣọ́ra fún ti ẹni tí ó dákẹ́ yìí, nítorí a máa ń sọ pé ó ń sinmi ni.

Èkejì kì í pariwo. Ẹni náà ti dé ilé, ó ń jẹ, ó ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń gbàgbé nǹkan, kò lè ka ṣéńjì bíi ti tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ń sọnù mọ́ ọn lẹ́nu. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Fún àwọn díẹ̀, ó máa ń pẹ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní 1955, dókítà kan tí ń jẹ́ Bedford kọ̀wé ní ìlú Òyìnbó nípa àwọn àgbà tí ẹbí wọn sọ pé láti ìgbà iṣẹ́ abẹ ni wọn kò ti rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní 1998, ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 1,218 tí wọ́n ti tó ọdún 60 sókè ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, iyè nǹkan bí 26 nínú 100 kò jí pérépéré bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ku nǹkan bí 10 nínú 100.

KÍ NI Ó Ń FÀ Á?

Ọ̀pọ̀ ń di ẹ̀bi ru òògùn oorun nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2021, wọ́n wo ènìyàn 1,600 tí egungun ìbàdí wọn ṣẹ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Wọ́n kun àwọn kan lóorun, wọ́n gún àwọn yòókù lábẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn. Ìrànrán mú nǹkan bí 20 nínú 100 ní ìhà méjèèjì.

Ohun púpọ̀ ni ó ń para pọ̀: ọjọ́ orí, ìgbàgbé tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ìrora, àìsùn, àìmu omi tó, ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ tí kò jáde, kòkòrò àrùn, ṣúgà tí ó lọ sílẹ̀. Ẹni tí ń mu ẹmu tàbí ògógóró lójoojúmọ́, tí ó ṣíwọ́ lójijì ní ọsibítù, lè ṣe ìrànrán tí ó le gan-an.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE

1. Ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ẹ sọ gbogbo òtítọ́ fún dókítà: ọtí, àgbo, òògùn tí ẹ ń lò, àti bí ìyá tàbí bàbá bá ti ń gbàgbé nǹkan.
2. Ẹ mú awò ojú rẹ̀ àti eyín àtọwọ́dá rẹ̀ lọ sí ọsibítù.
3. Kí ẹni tí ó mọ̀ dáadáa jókòó tì í. Ẹ máa sọ ọjọ́ tí a wà àti ibi tí ó wà fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ má bá a jà, ẹ má dè é mọ́lẹ̀.
4. Bí dókítà bá ti gbà, ẹ fún un ní omi àti oúnjẹ, kí ó sì dìde rìn díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sán, kí ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ní òru, ẹ jẹ́ kí ó sùn.
5. Ẹ má fún un ní Valium tàbí Piriton tí ẹ rà ní kẹ́místì. Wọ́n lè mú un burú sí i.
6. Bí iyè rẹ̀ bá dàrú lójijì, ẹ pe nọ́ọ̀sì kíákíá. Bí ó bá ti dé ilé, ẹ gbé e padà sí ọsibítù, ìbáà ṣe Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀wọ̀. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹ gbà á níbi tí dókítà wà.

Àwọn nǹkan kéékèèké báyìí ń ṣiṣẹ́. Ní 1999, ìwádìí kan jáde láti ọsibítù kan ní New Haven, ní Amẹ́ríkà, lórí aláìsàn 852 tí wọ́n ti tó ọdún 70 sókè. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ ni wọ́n bá wá, ṣùgbọ́n irú ìtọ́jú yìí mú ìrànrán wá sílẹ̀ láti 15 nínú 100 sí nǹkan bí 10.

Ẹ má sì tìtorí ọ̀rọ̀ yìí sá fún iṣẹ́ abẹ. Ìpákè tí ó lọ́ pọ̀ lè pa ènìyàn. Ìrànrán ṣeé tọ́jú.

NÍNÚ ẸGBẸ́ WA

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ, kí ó má tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀, kí ó má sì ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni títí iyè rẹ̀ yóò fi padà bọ̀ sípò. Bí ó bá ń gba owó fún ẹgbẹ́, kí ó fi iṣẹ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ fún oṣù mẹ́ta. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àyè rẹ̀ ń dúró dè é. Bí owó bá sì dín, kí a kọ́kọ́ bá a kà á ná, kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní olè.

A ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá wa. Ó ti dárí jì wá, ó sì ti ń ka owó rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kí Ọlọ́run fún gbogbo wa ní àlàáfíà.