Pásítọ̀ Tó Ń Rin Igbó ní Ọjọ́ Ajé

Eugene Peterson, pásítọ̀ àti olùkọ́ Bíbélì ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló kọ The Message, Bíbélì tí a tú sí èdè tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n inú ìsọ̀ ẹran, inú ilé rẹ̀ àti ojú ọ̀nà igbó ni gbòǹgbò iṣẹ́ náà wà.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1932 ní ìpínlẹ̀ Washington, ó sì dàgbà ní Kalispell, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Montana tí òkè ńláńlá yí ká. Alápatà ni bàbá rẹ̀, ọmọ náà sì ń bá a ṣiṣẹ́ láti kékeré. Ìyá rẹ̀ máa ń rán ápírọ́ọ̀nù funfun fún un. Bó bá ti ń ga sí i, a rán òmíràn. Ìyá yìí kan náà ló ń sọ ìtàn Sámúẹ́lì fún un, ọmọ tí Hánà ìyá rẹ̀ ń dá ẹ̀wù fún lọ́dọọdún. Bí ọmọdékùnrin náà ṣe gbà pé aṣọ àlùfáà ló wà lára òun láàárín ẹran àti egungun nìyẹn. Nínú The Pastor, ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 2011, ó ṣàlàyé pé ìsọ̀ náà kọ́ òun ní iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn, torí pé ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, títí kan ẹni tí ìlú ń fojú burúkú wò, orúkọ rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ fi ń kí i, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Oníwàásù Pẹ́ńtíkọ́sì ni ìyá rẹ̀. Ní alẹ́ Ọjọ́ Àìkú, a mú ọmọ rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ àwọn agégẹdú àti awakùsà, a kọrin fún wọn, a sì sọ ìtàn inú Bíbélì fún wọn. Ẹni tó bá ka ìwé Peterson yóò gbọ́ ohùn ìyá yìí níbẹ̀.

Kò lérò pé òun yóò ṣe pásítọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Hébérù ló fẹ́ dà, ó sì lọ kàwé ní yunifásítì Johns Hopkins. Ó gbé Jan Stubbs níyàwó ní 1958, ẹni tó ti pẹ́ tó fẹ́ jẹ́ ìyàwó pásítọ̀. Nígbà tó yá, ó gba iṣẹ́ pásítọ̀. Ní 1962, ìjọ Presbitéríà rán an lọ dá ìjọ sílẹ̀ ní Bel Air, ní ìpínlẹ̀ Maryland. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ nínú ilé tí tọkọtaya náà ń gbé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ọdún 29 ló sì lò níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn tán, ìtara àwọn ènìyàn rọlẹ̀. Pásítọ̀ náà bá ń sáré láti ìpàdé kan dé òmíràn kí iná má bàa kú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ní kí ó ka ìtàn fún òun. Ó ní ìpàdé ń dúró de òun. Ọmọ náà ti ń ka àwọn alẹ́ tí bàbá rẹ̀ kò fi sí nílé, ó sì sọ iye rẹ̀ fún un. Peterson dé ìpàdé, ó sọ fún àwọn alàgbà pé òun fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n bi í léèrè ohun tó fẹ́ gan-an. Ó ní òun fẹ́ máa gbàdúrà, kí òun máa kàwé, kí òun máa wà pẹ̀lú ẹbí òun àti àwọn ọmọ ìjọ. Wọ́n ní kí ó lọ ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn yóò gba àkóso ìjọ ṣe. Ó yẹ kí a yin àwọn alàgbà yìí, nítorí kò wọ́pọ̀ kí ìgbìmọ̀ ìjọ gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí pásítọ̀ wọn.

Ọjọ́ iṣẹ́ ni Ọjọ́ Àìkú fún pásítọ̀, nítorí náà òun àti Jan yan Ọjọ́ Ajé ní Sábáàtì tiwọn. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ síléèwé, wọn a di oúnjẹ ọ̀sán, wọn a mú awò tí wọ́n fi ń wo ẹyẹ lókèèrè, wọn a sì forí lé igbó. Wọn a ka Sáàmù kan, wọn a gbàdúrà, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Fún wákàtí méjì sí mẹ́ta, ìró ẹsẹ̀ àti ohùn ẹyẹ nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Àdúrà ni wọ́n fi ń la ẹnu nígbà oúnjẹ ọ̀sán, lẹ́yìn náà ni wọn yóò máa tàkúrọ̀sọ bọ̀ wálé. Peterson kò ka èyí sí ọjọ́ ìgbafẹ́ lásán. Lójú tirẹ̀, ẹni tó ń sinmi kí agbára iṣẹ́ ọ̀la lè dé, iṣẹ́ náà ló ṣì ń sìn. Àdúrà àti eré ni Sábáàtì wà fún, kí ènìyàn dáwọ́ dúró, kí ó sì rí i pé Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ nígbà tí òun kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún ìjọ, ìjọ sì bá wọn ṣọ́ ọjọ́ náà. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo ìdílé a padà sí Montana, sí ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ sí etí adágún Flathead, láti gun òkè àti láti wẹ̀ nínú omi tútù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọ̀wọ́n gógó àti ìbẹ̀rù rògbòdìyàn ẹlẹ́yàmẹ̀yà mú kí àwọn ọmọ ìjọ máa ti ilẹ̀kùn mọ́rí, àwọn kan sì ń ra ìbọn. Peterson mú Ìwé Gálátíà, lẹ́tà òmìnira, ó fi kọ́ wọn. Wọ́n ń ro ṣúgà inú kọfí wọn, ọ̀rọ̀ náà kò mì wọ́n. Ó bínú, ó sọ fún Jan pé èdè Gíríìkì lòun yóò kọ́ wọn. Jan ní bí ó bá fẹ́ kí yàrá ṣófo, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú Gálátíà sí èdè tí àwọn gan-an ń sọ nílé àti lọ́jà. Ìyẹn ni irúgbìn The Message. Ó fi ìjọ sílẹ̀ ní 1991, Májẹ̀mú Tuntun jáde ní 1993, odindi Bíbélì sì parí ní 2002. Àwọn kan ṣàríwísí pé ó sún jìnnà sí ọ̀rọ̀ ìpilẹ̀ṣẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n máa kà á lórí pẹpẹ. Ẹni tí Bíbélì ti sú, tàbí tí kò kà á rí, ló kọ ọ́ fún.

Láti 1993 sí 1998, ó ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní Regent College ní Vancouver, orílẹ̀-èdè Kánádà. Lẹ́yìn náà, òun àti Jan padà sí ilé etí adágún, níbi tó ti ń kọ̀wé.

Ó kú ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá ọdún 2018, lẹ́ni ọdún 85. Níbi ìsìnkú rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àbíkẹ́yìn sọ pé ìwàásù kan ṣoṣo ni bàbá òun ní ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, pé Ọlọ́run fẹ́ràn ènìyàn, kò sì ní yé wá a. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, bàbá òun máa ń yọ́ wọ yàrá lóru, a tẹ̀ba síbi orí òun, a sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí òun létí bí òun ti ń sùn.