Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Agékoríko, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Koríko Yín

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìlaròó, láti oṣù kẹta tàbí ìkẹrin títí wọ oṣù keje, koríko kì í sinmi. Ẹ gé e mọ́lẹ̀ lónìí, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti bo ọrùn ẹsẹ̀. Àwa tá a kọ́lé sí ìpẹ̀kun ìlú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ afínjú nìkan kọ́ nìyẹn, torí ibi tí koríko bá ti kún ni paramọ́lẹ̀ ń sá sí. Àdá la fi ń yanjú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ẹ̀rọ ni kálukú ń wá, tíṣà ágíríìkì tó ti fẹ̀yìn tì bíi tèmi ni wọ́n sì ń wá bi: "Màmá tíṣà, ṣé elépo ni ká rà ni àbí oníbátìrì?"

Èsì mi ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ná, kí wọ́n lọ wo ilẹ̀ wọn.

Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ní táyà mẹ́rin, títì là ń tì í. Edwin Budding, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe àkọ́kọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń tì gé koríko ní ọdún 1830, fún pápá tó tẹ́jú tí wọ́n dìídì gbin koríko sí. Iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe títí dòní náà nìyẹn. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, tó ní ọ̀pá gígùn, tí abẹ irin tàbí okùn ọ̀rá ń yí ní ìdí rẹ̀. Ìyẹn ló lè kojú ẹ̀kan, ewé Akíntọ́lá àti igbó tó ń hù lórí pulọ́ọ̀tì tí olówó ilẹ̀ ò tíì kọ́. Ẹni tó bá ti onítáyà wọ inú ẹ̀kan, ìbáà jẹ́ elépo, ìbáà jẹ́ oníbátìrì, kùkùté àti òkúta ni yóò bá a parí rẹ̀.

Ká wá sọ ti epo. Ní agbègbè Yewa tiwa, epo bẹntiróò ní ìtàn tirẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, epo Nàìjíríà pọ́ọ́kú débi pé àwọn onífàyàwọ́ ń gbé e gba ẹnubodè wa wọ orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n ti ń fi ìgò tà á létí títì, tí wọ́n ń pè é ní kpayo. Ní oṣù kẹjọ 2019, ìjọba ti ẹnubodè pa. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín 20 kìlómítà sí ẹnubodè. Nírú ìlú ẹnubodè bẹ́ẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ fi gé koríko lè di ohun tí ẹ ó dúró ṣàlàyé lójú ọ̀nà. Oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí ẹnubodè Ìdí-Ìrókò padà. Ó lé díẹ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà nílé epo ìjọba kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì ti wọ 1,000 ní oṣù kẹwàá 2024. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ oníbátìrì di ohun tí gbogbo ènìyàn ń bèèrè.

Síbẹ̀, ẹ má fojú kéré elépo. Ọmọkùnrin tó ń bá mi gé ẹ̀yìnkùlé máa ń da epo sínú ìgò ọ̀rá, á fi ìdérí wọn ọ́ìlì lé e, á wá mì ín títí àwọ̀ rẹ̀ á fi yí padà kó tó rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ èjìká tirẹ̀ kò ní ibi ọ́ìlì lọ́tọ̀; inú epo ló ti ń mu ún. Lítà kan sí 40 mìlílítà ọ́ìlì ni àwọn kan ń fẹ́, 20 ni àwọn mìíràn ń fẹ́. Inú ìwé tó bá ẹ̀rọ wá lẹ ó ti rí i. Ọmọ náà ní: "Màmá, tí ọ́ìlì bá kéré, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì, tó bá pọ̀ jù, èéfín á pa púlọ́ọ̀gì." Òótọ́ ló sọ. Ariwo rẹ̀ ń dé àdúgbò kejì, ṣùgbọ́n igbó tó bá wọ̀, ó ń lọ ni. Bó bá sì bàjẹ́, mẹkáníìkì jẹnẹrétọ̀ èyíkéyìí ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò lè fọ kàbúrétọ̀ rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Oníbátìrì ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bátìrì 40 volt tó jẹ́ 5 ampere-hour ń gba 200 watt-hour, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún yúníìtì iná kan. Ká fi èyí tó ń ṣòfò nínú cháńjà kún un, kò lè ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Kódà bó jẹ́ Band A, ìpele àwọn tí iná wọn pọ̀ jù, lẹ wà, tí wọ́n gbé yúníìtì rẹ̀ sí 225 náírà ní oṣù kẹrin 2024, owó iná rẹ̀ kò tó 60 náírà. Lórí koríko kúkurú tó gbẹ, ó lè ṣiṣẹ́ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí koríko bá ga tó sì tutù, ó máa ń tètè kú. Kò ní èéfín, kò sí okùn tí àgbàlagbà ó máa fà títí èjìká á fi máa ro ó. Ní California ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní 2021 ti sọ pé láti 2024, kí wọ́n má ta irú ẹ̀rọ elépo kékeré bẹ́ẹ̀ ní tuntun mọ́, nítorí èéfín rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn yẹn ní iná. Ẹni tó ra oníbátìrì torí kó lè bọ́ lọ́wọ́ epo, tó wá ń tan jẹnẹrétọ̀ láti fi cháàjì rẹ̀, kí ló rí gbà? Ẹni tó ní sólà ló yẹ. Pánẹ́ẹ̀lì 300 watt kan lè kún bátìrì yẹn láàárín wákàtí kan sí méjì bí oòrùn bá mú dáadáa.

Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí ọmọ yín bá fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ara cháńjà rẹ̀: bó bá jẹ́ 120 volt nìkan ló kọ síbẹ̀, iná tiwa tó jẹ́ 230 á jó o. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Kútọnú, bátìrì rẹ̀ lè ti gbó kó tó dé ọwọ́ yín, bẹ́ẹ̀ bátìrì ló ń kó èyí tó pọ̀ nínú owó ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹta, bí pákó iná inú rẹ̀ bá jó, ó ṣòro kí ẹ rí ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí.

Ẹ̀ẹ̀rùn náà ní tirẹ̀. Láti oṣù Kejìlá, ẹ̀rọ á jókòó fún oṣù bíi mẹ́ta. Epo tó bá sùn sínú kàbúrétọ̀ á dì bí oje igi, ẹ ó sì fà á títí lóṣù kẹta, kò ní dáhùn. Ẹ da epo rẹ̀ nù kí ọyẹ́ tó dé. Ẹ má fi bátìrì sínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù tó ń gbóná. Inú ilé ni kó wà, kó má kún, kó má gbẹ. Kí ẹ tó sì ki ọwọ́ sábẹ́ abẹ, ẹ yọ bátìrì tàbí kí ẹ tú wáyà púlọ́ọ̀gì.

Ìdájọ́ mi rèé. Ẹni tó ní koríko gbígbìn níwájú ilé tí kò ju ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì lọ, tó sì ní sólà tàbí iná tó ń dúró, kó ra oníbátìrì onítáyà, kó sì ra á ní tuntun. Ẹni tí igbó ni tirẹ̀, kó má ra nǹkan kan rárá: kó bẹ àwọn ọmọ tó ní ẹ̀rọ èjìká, kó san owó wọn pé, kó sì rí i pé gíláàsì wà lójú wọn, bàtà òjò sì wà lẹ́sẹ̀ wọn kí wọ́n tó fa okùn.